Orúkọ Tí Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Ń Béèrè

Ara mi kì í balẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ nílé wa pé bí mo bá jókòó, ẹsẹ̀ mi ò ní jókòó. Nítorí náà, mi ò ní purọ́ pé Sọ́ńdè yẹn ló sọ mí di aláìfarabalẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Sọ́ńdè yẹn tún yàtọ̀. Mo rìn láti iwájú ṣọ́ọ̀bù dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù títí okùn bàtà mi fi já, mo sì bọ́ bàtà sílẹ̀, mo tún ń rìn.

Bàbá ọkọ mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù ńlá tó wà ní Ìdí-Àràbà. Àárọ̀ Mọ́ńdè ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Èmi wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Mushin, níbi tí a ti ń tẹ̀wé fún aráàlú, ìwé ìdánwò ilé ìwé kan wà nínú láptọ́ọ̀pù mi, kò sì jáde. Àárọ̀ Mọ́ńdè kan náà ni àwọn ọmọ ilé ìwé yẹn máa jókòó ìdánwò. Bàbá ti fọwọ́ sọ̀yà fún màdáámù tó ni ilé ìwé pé iṣẹ́ á jáde, bí àwọn tiẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, àkọ́bí Bàbá, náà ti sọ tirẹ̀ fún mi. Ó ní bí iṣẹ́ yìí bá bàjẹ́, òun á ti ṣọ́ọ̀bù pa, òun á sì gbé e fún àwọn tó fẹ́ máa fi ta tẹ́tẹ́, kí Bàbá tó ti ọsibítù dé.

"Ìyàwó, àánú yín ló ń ṣe mí," ló wí. "Iṣẹ́ yìí ti le jù fún obìnrin kan ṣoṣo."

Mo ní, "Ẹ ṣé o, Ẹ̀gbọ́n." Ohun tó wà nínú mi kì í ṣe ẹ ṣé rárá. Ẹ wo tẹ́tẹ́, nílé Bàbá tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Alhaji, níbi tí àwọn èèyàn ti ń wá tẹ ìwé àdúrà. Mi ò mọ irú àánú wo nìyẹn.

Yàrá méjì tó wọnú ara wọn ni ṣọ́ọ̀bù náà, nísàlẹ̀ ilé wa. Níwájú lèmi wà pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù mi. Ibẹ̀ ni mo ti ń tẹ iṣẹ́, ibẹ̀ ni mo ti ń bá oníbàárà ṣàwàdà, ibẹ̀ náà ni mo ti ń bá wọn jà. Yàrá inú ni ti Bàbá: kọ̀ǹpútà wọn, àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá kan tó dúró bíi fìríìjì sí igun. Wáyà kan tó gba ara ògiri ló so láptọ́ọ̀pù mi mọ́ kọ̀ǹpútà wọn. Bí mo bá ti tẹ iṣẹ́ tán, mo kàn máa ní kó jáde ni, ẹ̀rọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nínú lọ́hùn-ún. Bó ṣe ń ṣe látìgbà tí mo ti wọlé ọkọ nìyẹn, kì í bi èèyàn léèrè nǹkan kan.

Ṣáájú kí àìsàn tó gbé Bàbá dè ni ọkùnrin tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Yaba, sọ pé sísitẹ́ẹ̀mù inú kọ̀ǹpútà Bàbá ti gbó, pé àwọn tó ṣe é ò ní bójú tó o mọ́, pé ó yẹ ká ṣe àpúgíréèdì. Bàbá kọ́kọ́ kọ̀. Wọ́n ní kí ni wọ́n fẹ́ fi tuntun ṣe nígbà tí ti àtijọ́ ò ṣẹ̀ wọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n gbà, ó gbé e lọ sí Yaba, ó pààrọ̀ inú rẹ̀, ó gbé e padà. Kò pẹ́ sí i la gbé Bàbá lọ sí ọsibítù. Lágbo wàhálà yẹn, ta ló fẹ́ rántí pé kóun dán ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wò?

Àfi Sọ́ńdè. Mo tẹ ìwé ìdánwò dé ìlà tó kẹ́yìn, mo ní kó jáde. Dípò kí ẹ̀rọ kùn, àpótí kékeré kan yọ sí mi lójú. Ó ń béèrè orúkọ, ó ń béèrè páásìwọ́ọ̀dù. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kọ̀ǹpútà tí a jọ ń gbé nínú ilé kan náà látọjọ́ yìí, ó ní kí n wá dárúkọ.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ: ṣebí kí n kó o sínú fúláàṣì, kí n gbé e wọ yàrá inú. Ìgbà kan wà tí fúláàṣì oníbàárà kan kó àrùn ran kọ̀ǹpútà yẹn, tó jẹ iṣẹ́ Bàbá run. Látìgbà náà ni wọ́n ti ní kí wọ́n dí i pa. Fúláàṣì yòówù kéèyàn kì bọ̀ ọ́, kò ní dáni lóhùn. Íńtánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Bàbá ò jẹ́ kó gbóòórùn rẹ̀ rí. Kí n gbé iṣẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn ńkọ́? Ìyẹn gan-an ni màdáámù ò fẹ́. Ìbéèrè ìdánwò wọn ti jò síta rí níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀, ohun tó sì gbé e wá sọ́dọ̀ Bàbá ni pé ìwé kì í jáde lọ́dọ̀ Bàbá kó gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá. Láptọ́ọ̀pù mi ò ní ojú ihò tí wáyà ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn lè wọ̀, bí mo bá sì ní kí n tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà Bàbá, ilẹ̀ á mọ́ bá mi lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni wáyà ara ògiri yẹn, òun náà ló sì ń béèrè orúkọ.

Mo pe ọkùnrin Yaba. Ó ti lọ ṣe ìnáwó mọ̀lẹ́bí kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ohùn rẹ̀ ń já lójú ọ̀nà.

"Àǹtí, ẹ má bínú, ó yẹ kí n ti sọ fún yín," ló wí. "Sísitẹ́ẹ̀mù àtijọ́ yẹn, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni, àlejò kàn ń wọlé. Tuntun yìí ò gba àlejò tí ò dárúkọ. Orúkọ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ni kẹ́ ẹ kọ, kẹ́ ẹ wá kọ páásìwọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ fi ń ṣí i láràárọ̀."

Páásìwọ́ọ̀dù, mo mọ̀ ọ́n. Orúkọ náà ò le: bí èèyàn bá ṣí kọ̀ǹpútà Bàbá, ohun tó máa ń kọ sójú rẹ̀ ni BÀBÁ. Mo kọ Bàbá. Ó ní irọ́ ni. Mo yọ àmì orí rẹ̀ kúrò, mo fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́, mo fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́. Irọ́ ni. Mo kọ Alhaji. Mo kọ orúkọ tó wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù. Òógùn ti bò mí, wọn ò sì tíì mú iná wá, jẹnẹrétọ̀ ni mò ń da epo sí.

Ó wá ku orúkọ Bàbá gan-an, èyí tó wà lórí káàdì ọsibítù. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ara mi. Nínú ilé tí wọ́n gbé mi wá yìí, mi ò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni tí mo bá níbẹ̀ lórúkọ, títí kan ọmọ tó ń rá kòrò lọ́jọ́ tí mo wọlé. Ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti bàbá ọkọ mi. Mi ò pè é rí, etí mi ò sì mọ̀ ọ́n sí orúkọ wọn mọ́. Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ gbé wọn dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì jáde, ó ń pe orúkọ kan ṣáá. Mo jókòó tì í. Mo tiẹ̀ ń wojú àwọn tó kù pé ta ló ní bàbá tó ń pẹ́ dáhùn báyìí. Ọkọ mi ló dé láti ibi tó ti lọ ra omi, ó ní, "Ṣé o ò gbọ́ pé Bàbá ni wọ́n ń pè?" Mo gbọ́ orúkọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ Bàbá níbẹ̀.

Mo tẹ orúkọ yẹn lórí láptọ́ọ̀pù. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tí mo ń tẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni pé mò ń ṣí fìlà lórí Bàbá lójú ọjà. Mo tẹ̀ ẹ́ tán. Ó ní irọ́ ni.

Màdáámù ilé ìwé pè. Ó ní ṣé kóun máa bọ̀. Mo ní kó fún mi láyè díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n pè. Mi ò gbé e. Mo tún pe ọkùnrin Yaba, mo sì fi ìbínú bá a sọ̀rọ̀, mi ò ní tàn yín. Ó jẹ́ kí n sọ tán.

"Àǹtí, ẹ dúró ná," ló wí. "Mo rántí. Orúkọ tó wà lójú kọ̀ǹpútà yẹn, èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀. Màmá ló ní kí n pa èyí tó wà níbẹ̀ rẹ́, kí n kọ Bàbá. Ojú rẹ̀ nìkan ni mo yí padà o. Orúkọ tí Bàbá fi ṣí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Òun ló ń béèrè."

"Kí lorúkọ náà?"

"Ó ti pẹ́, Àǹtí, mo ti gbàgbé. Ẹ bi Màmá."

Màmá, ìyá ọkọ mi, wà lókè. Látìgbà tí Bàbá ti wà ní ọsibítù, orí ẹní ìkírun ni Màmá ń gbé, tẹ̀sùbáà kì í kúrò lọ́wọ́ wọn. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, orúkọ wo ló wà lójú kọ̀ǹpútà Bàbá kẹ́ ẹ tó ní kí wọ́n pa á rẹ́?"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Òun ni kọ̀ǹpútà ń béèrè, mà. Bí mi ò bá rí i, ìwé ò ní jáde."

Wọ́n ka tẹ̀sùbáà díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi, wọn ò wojú mi. Wọ́n ní lọ́jọ́ kan àwọn sọ̀ kalẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, àwọn bá àwọn oníbàárà kan tí wọ́n dojú kọ kọ̀ǹpútà Bàbá, tí wọ́n ń ka orúkọ yẹn sókè, tí wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Orúkọ tí ìyá Bàbá fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n sọ wọ́n lórúkọ ni. Kò sí lórí káàdì, kò sí nínú ìwé ilẹ̀. Ìyá náà nìkan ló ń pè é títí tó fi kú. Nígbà tí Màmá ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, ìyá náà pè wọ́n jókòó, ó ní ayé ló ni gbogbo orúkọ tó kù, ṣùgbọ́n eléyìí, tòun ni, kí ìyàwó kankan má fi ẹnu kàn án. Nígbà tí Màmá wá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ò mọ̀dí, ara wọn ṣe gìrì. Wọ́n ní kí wọ́n bò ó.

"Ẹ pè é fún mi, mà."

"Mi ò lè pè é."

"Ẹ kàn kọ ọ́ síwèé fún mi. Ẹnikẹ́ni ò ní rí i."

"Èmi tí mo kọ ọ́ ńkọ́?"

Inú bí mi. Inú bí mi débi pé omi lé sí mi lójú. Mo ní, "Màmá, tẹ́tẹ́ ni Ẹ̀gbọ́n fẹ́ gbé ṣọ́ọ̀bù yẹn fún o. Abẹ́ ẹní ìkírun yín níbí ni wọ́n ti máa máa ta á."

"Mo gbọ́," ni Màmá wí. Ohùn wọn ò yí padà, ṣùgbọ́n ìka wọn ti dúró lórí tẹ̀sùbáà, kò lọ mọ́. "Ẹni tó ni orúkọ ṣì wà láyé. Àwọn ni kó o lọ bi."

Ohun tí mo ti ń sá fún látàárọ̀ nìyẹn. Dókítà ti sọ pé ká má gbé wàhálà kankan dé etí Bàbá, kí ọkàn wọn balẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó mọ́. Ọkọ mi tó jókòó tì wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá pè, kí n sọ pé dáadáa ni gbogbo nǹkan. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo wọ yàrá inú, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi. Mo gbé fóònù, mo gbé e sílẹ̀, mo tún gbé e. Nígbà tí ọkọ mi gbé e, mi ò tíì sọ nǹkan kan tó fi ní, "Bàbá ti ń bi mí láti ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n ní àwọn ò lè sùn. Gbà."

Ohùn Bàbá ti rọ̀. "Ìyàwó mi, ìwé àwọn ọmọ ti jáde?"

Mo fẹ́ purọ́. Irọ́ náà ti dé etè mi. "Kò tíì jáde, sà," ni mo wí, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, ti àpúgíréèdì, ti orúkọ tí wọ́n bò mọ́lẹ̀, ti Màmá lórí ẹní.

Mo ń gbọ́ ariwo wọ́ọ̀dù lẹ́yìn wọn, ẹnì kan ń ti kẹ̀kẹ́ onírin kọjá. Mo rò pé mo ti ba nǹkan jẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín kékeré kan tó di ikọ́.

"Màmá yín ò lè pè é," ni wọ́n wí. "Mú báírò."

Wọ́n pè é. Kẹ̀kẹ́ onírin yẹn gbà á mọ́ mi létí. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n tún un pè. Wọ́n tún un pè, mo kọ ohun tí mo gbọ́ sẹ́yìn ọwọ́ mi, nítorí mi ò rí bébà, nínú ṣọ́ọ̀bù bébà.

"Pè é kí n gbọ́," ni Bàbá wí. "Kó má lọ jẹ́ pé o kọ ọ́ lódì."

"Bàbá..."

"Kì í ṣe Bàbá. Orúkọ yẹn. Pè é."

Mo yí ojú sí ògiri. Mo pè é. Mi ò fi sà sí i, mi ò fi ẹ sí i, kò sáyè fún ìyẹn nínú rẹ̀. Orúkọ lásán ni, bó ṣe rí lẹ́nu ìyá wọn. Mi ò ní kọ ọ́ síbí.

"Ẹ̀n?" ni Bàbá dáhùn.

Kì í ṣe ohùn tí mo mọ̀ mọ́ wọn. Ohùn ọmọ tí wọ́n pè wọlé láti ibi eré ni. Ojú ń tì mí, inú mi sì ń dùn, àwọn méjèèjì papọ̀.

"Òun náà nìyẹn," ni wọ́n wí nígbà tó yá. "O pè é dáadáa. Lọ tẹ̀wé."

Mo lọ síwájú, mo tẹ orúkọ náà, mo tẹ páásìwọ́ọ̀dù. Àpótí yẹn lọ. Ìṣẹ́jú kan tó gùn kọjá, ẹ̀rọ inú yàrá sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún díẹ̀, mo sì dìde nítorí bébà ti fẹ́ tán nínú rẹ̀. Ìwé ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbóná lọ́wọ́ mi, ti kíláàsì yìí, ti kíláàsì yẹn. Mo fọ ẹ̀yìn ọwọ́ mi pẹ̀lú ọṣẹ kí màdáámù tó dé.

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ dé. Ó ti múra ìjà bọ̀. Ó bá mi láàárín ìwé tí mo tò káàkiri ilẹ̀, tí mò ń fi pín-ìn-nì gán wọn pọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí, ó ń wò wọ́n. Kò sọ ti àánú mọ́. Ó ká apá aṣọ rẹ̀, ó ní, "Báwo lẹ ṣe ń tò ó?" Mo fi hàn án. Nígbà tí màdáámù fi máa gbé ìwé náà sínú ọkọ̀, Ẹ̀gbọ́n ló ń bá a gbé e. Mo pe ọsibítù pé ìwé ti lọ. Ọkọ mi ní òun á sọ fún Bàbá bí wọ́n bá jí, pé wọ́n ti sùn.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Bàbá padà sílé, wọ́n rù, wọ́n ń fi ọ̀pá rìn, ṣùgbọ́n wọ́n ń bú mi pé mi ò nu ẹ̀rọ dáadáa, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ara ti ń yá. Kò sẹ́ni tó dárúkọ tẹ́tẹ́ mọ́ nínú ilé wa.

Ọ̀sán kan báyìí, Màmá sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá inú, wọ́n ń wo kọ̀ǹpútà tó ṣì kọ BÀBÁ sójú.

"Ta ló wá pè é fún ọ lọ́jọ́ yẹn?"

"Bàbá fúnra wọn ni, mà."

"Ìwọ náà pè é?"

Mo kúnlẹ̀. "Mo pè é, mà. Àwọn ni wọ́n ní kí n pè é kí àwọn gbọ́."

Mo ń dúró de ìbáwí. Mo ti to àwíjàre mi sílẹ̀.

"Wọ́n dá ọ lóhùn?" ni Màmá wí.

"Wọ́n dá mi lóhùn, mà."

"Ohùn wo ni wọ́n fi dá ọ lóhùn?"

Mo wá ọ̀rọ̀ títí. "Bí ọmọdé, mà."

Màmá di ìró wọn mú, wọ́n gun àtẹ̀gùn padà lọ sókè, níbi tí Bàbá ti ń rẹjú lórí àga. Mo sáré lọ pa ẹ̀rọ, mo pa fáànù. Mo dúró sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ mi ò sì mì rárá. Ó pẹ́ tí mi ò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ, tí Màmá fi ohùn jẹ́jẹ́ pe orúkọ náà.

"Màámi?" ni Bàbá wí látojú oorun.

"Èmi ni," ni Màmá wí.